Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ara Ògiri

Pátákó ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́ iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Pópó Àgùdà, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà pupa: ILE ONISE ONA. Àmì ohùn kan ṣoṣo kò sí lórí rẹ̀. Hàwáwù ló kọ́kọ́ rí i, òun ló sáré wá ròyìn fún aládùúgbò rẹ̀, Àlàájà Àmúdàtù tó ń ta bàtà ní Ọjà Balógun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Àlàájà kó àwọn obìnrin àdúgbò wọn ní Ìta Fájì sẹ́yìn, ó di ẹnu ìlẹ̀kùn ilé náà. Bàtà òjò ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn.

Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi wọ bàtà òjò nígbà tí oòrùn ń ràn. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, adágún ló wà níwájú ilé Àlàájà, pẹ́pẹ́yẹ ti ń wẹ̀ níbẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ sì ni wọ́n fẹ́ so yìgì Khairiyyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá ọkọ ti ránṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní í gbé bàtà lọ́wọ́ kí òun máa wọ́dò lọ gba ìyàwó. Bí ọ̀nà kò bá sí, kí wọ́n sún yìgì síwájú. Ta ni kò mọ̀ pé yìgì tí wọ́n bá sún síwájú, ẹ̀yìn ló sábà máa ń bọ́ sí?

Ọmọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn ń jẹ́ Ọlátúndé, ọmọ Èkìtì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa mú àlejò yí ilé náà ká, kó máa ṣàlàyé. Ọ̀gá rẹ̀ ti fi òfin dè é pé Yorùbá ìjìnlẹ̀ ni kó máa sọ, kò gbọdọ̀ bu Gẹ̀ẹ́sì kankan sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, kò tíì rí ẹgbẹ́ àlejò kankan mú yíká, àfi ewúrẹ́ tó máa ń ṣìnà wọlé. Bó ṣe rí àwọn obìnrin wọ̀nyí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti kí wọn dáadáa.

"Ẹ̀yin ìyá wa! Ẹ̀yin ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó ń bọ̀?"

"Àwa ni," ni Àlàájà wí. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, nítorí ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìjọba kì í ka ọjọ́ orí ẹni tó bá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ṣé ilé oníṣẹ́ ọ̀nà nìyí?"

"Ilé oníṣẹ́ ọnà gan-an ni, ìyá mi. Ọlátúndé ni orúkọ tèmi."

Àlàájà yíjú sí Hàwáwù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "O gbọ́ bó ṣe pè é? Ará òkè ni. Ẹnu wọn ò lè gbé ọ̀nà dáadáa. Má rẹ́rìn-ín o, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la wá."

Ohun tí Àlàájà kò mọ̀ ni pé Ọlátúndé náà ń rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un kó tó gba iṣẹ́ pé bó ṣe wu ará Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń pe ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sọ ọnà di ọ̀nà, kó máa wò wọ́n níran.

Àlàájà na àpò ọ̀rá kan sí i. Bàtà aláwọ tuntun ló wà nínú rẹ̀, èyí tó dára jù nínú ìsọ̀ rẹ̀. "Ẹ gbà, ọ̀gá. Kò tó nǹkan. Ti ọ̀gá àgbà ni."

"Ti Bàbá?" Ọlátúndé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni gba ìkókó. "Ìyá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. A ó gbé e sínú gíláàsì."

Àlàájà rò pé òwe ni. "Ṣé ọ̀gá àgbà wà lórí ìjókòó?"

"Ta nìyẹn, ìyá mi?"

"Oníṣẹ́ náà fúnra ẹ̀."

"Áà! Bàbá Damásíò." Ọlátúndé tẹrí ba, ó mú ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. "Ó ṣe ni láàánú. Bàbá ti papò dà."

Ìrẹ̀wẹ̀sì bá Àlàájà. "Ó ti papò dà? Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Wọn ò tíì bí èmi nígbà náà."

"Wọn ò sì tíì fi ẹnì kankan rọ́pò ẹ̀ látìgbà yẹn?"

"Ta ló lè rọ́pò Bàbá? Irú wọn kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ẹ̀ rí i!" Àlàájà ṣíjú wo àwọn obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀. "Gbogbo ibi tí a bá dé nìyẹn. A dé ọ́fíìsì àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti papò dà. A dé èkejì, wọ́n ní èyí tó wà níbẹ̀ ti papò dà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, níbo gan-an ni gbogbo wọn ń papò dà lọ?"

"Ibi tí gbogbo wa ń lọ náà ni, ìyá mi."

"Abùjá?"

Ọlátúndé rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó sì yẹ̀ lójú ọ̀nà kí wọ́n lè wọlé.

"Ta ló wá ń bójú tó ọ̀nà báyìí?" ni Àlàájà bi í.

"Èmi ni. Gbogbo ọnà tí ẹ máa rí níbí, èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan, ìyá mi. Mi ò lẹ́nìkejì."

Àlàájà wò ó láti òkè délẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, èékánná mímọ́ tónítóní, apá tí kò tó igi ìdáná. Àánú Èkó ṣe é. Gbogbo bí ìlú yìí ṣe tó yìí, ọmọdé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọ̀nà rẹ̀ lé lọ́wọ́!

"Kí a tó tẹ̀síwájú," ni Ọlátúndé wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín. Pákó ilẹ̀ yìí dàgbà ju gbogbo wa lọ."

"Ẹ gbọ́, wọ́n ní ká bọ́ bàtà o. Ní Ìta Fájì, à ń bọ́ bàtà ká tó lè rìn lọ́nà. A délé oníṣẹ́ ọ̀nà, wọ́n tún ní ká bọ́ bàtà. Èmi tí mò ń ta bàtà, ta ló kù tó máa rà á?"

Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wọ yàrá iwájú. Ọkàn Àlàájà kọ́kọ́ balẹ̀ nígbà tó rí ohun tó wà níbẹ̀. Nínú àpótí gíláàsì ńlá kan, ṣọ́bìrì kan dùbúlẹ̀ lórí aṣọ àrán pupa, páànù tí wọ́n fi ń ru yanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì òfìfo kan sì wà nísàlẹ̀.

"Alhamdulillah," ló wí. "Ó ní ṣọ́bìrì."

"Ṣọ́bìrì Bàbá gan-an nìyẹn, ìyá mi. Òun ni wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́, kì í sinmi."

"Ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi gbé e kúrò níbí! Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́." Àlàájà sún mọ́ àpótí náà. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, kí ni ṣọ́bìrì ń ṣe nínú gíláàsì?"

"Kí ọwọ́ má baà kàn án ni."

"Kí ọwọ́ má kan ṣọ́bìrì?"

"Láti ọjọ́ tí Bàbá ti papò dà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"A rí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Áà, nígbà òjò, mo máa ń fi ọ̀rá wé e dáadáa, kó má baà dógùn-ún."

Àlàájà wo Ọlátúndé, ó tún wo ṣọ́bìrì. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ relé ọkọ, ọ̀nà wà lábẹ́ omi, ṣọ́bìrì ìjọba wà lábẹ́ ọ̀rá. Ó gbé ìbínú rẹ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn dídùn.

"Ọ̀nà mélòó ni Bàbá ṣe, ọ̀gá?"

"Ẹnu ò lè kà á. Àwọn kan wà nínú ìlú yìí, àwọn kan wà ní Ìjẹ̀bú. Àwọn tó dára jù níbẹ̀ wà lókè òkun."

"Lókè òkun! Bàbá lọ ṣe ọ̀nà fún òyìnbó?"

"Rárá o. Ibí ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn òyìnbó ló wá kó o lọ. Wọ́n di ọnà wa sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e sá lọ."

Àlàájà na ọwọ́ gbọọrọ, ó di èjìká Hàwáwù mú. "Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́? Lọ́jọ́sí, ìjọba wá búra lórí rédíò pé àwọn ti ṣe ọ̀nà Ìta Fájì tán. Gbogbo wa bú wọn, a ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Àṣé wọn ò purọ́! Wọ́n ṣe é. Òyìnbó ló kó o lọ!"

"A ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà," ni Ọlátúndé wí.

"Kí wọ́n kọ́kọ́ dá tiwa padà. Kó tó di Sátidé."

Ọlátúndé kò mọ ohun tí Sátidé ní í ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtara obìnrin yìí wú u lórí. Irú àlejò tó ti ń gbàdúrà fún nìyí. Ó mú wọn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ńlá, ó sì na ọwọ́ sí ògiri bí ẹni ń fi ìyàwó hàn.

"Ó dára. Ẹ gbójú sókè. Olórí gbogbo ọnà Bàbá nìyí."

Àlàájà wo ilẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. "Níbo?"

"Lára ògiri, ìyá mi."

"Ọ̀nà? Lára ògiri?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Lára ògiri náà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ìtàkùn kan, ó lọ́ mọ́ra rẹ̀, ewé àti ẹyẹlé wà lórí rẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Ó yí lọ, ó yí bọ̀, ó gba abẹ́ fèrèsé kọjá, ó wá gòkè lọ bá àjà."

"Ta ló ń gbà á?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ọ̀nà tó gòkè lọ bá àjà, ta ló ń rìn níbẹ̀? Aláǹgbá?"

"Ojú la fi ń wò ó, ìyá mi. A kì í tẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀nà tí a kì í tẹ̀." Àlàájà tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ó máa ní ìtumọ̀. "Wọ́n gbé ọ̀nà kọ́ ara ògiri. Omi wá gba ilẹ̀."

"Àbí ẹ rí ibi tó ti lanu yìí?" Ọlátúndé fi ìka tọ́ka sí i. "Omi òjò ló bà á jẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi dí i. Oṣù méjì ló gbà mí, ibi tí kò tó àtẹ́lẹwọ́."

"Kí lẹ fi dí i?"

"Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín."

Àlàájà na ọrùn síwájú. "Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dí kòtò ọ̀nà?"

"Ó gba sùúrù, ìyá mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mi ò fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ yín. Àmọ́ tiwa gùn ju èyí lọ. Láti ẹnu géètì mi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé ṣọ́ọ̀bù ìyá Fẹ́mi. Tó bá wá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni ìjọba ní, a ó lọ mú tiwa wá nílé. Gbogbo wa ló ní in."

Ojú Ọlátúndé là rekete. "Ẹ ní ọnà nílé?"

"Iwájú ilé gan-an."

"Ti àtijọ́ ni?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó wọlé ọkọ."

"Ipò wo ló wà, ìyá mi?"

"Ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ó jìn, ó ya, omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé bẹ̀ ò ní í mọ̀ pé ọ̀nà wà níbẹ̀ rí."

"Ìṣúra ni!" Ọlátúndé gbá ọwọ́ pọ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án! Bó ṣe wà yẹn ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀!"

"Bó ṣe wà kẹ̀?"

"Bó ṣe wà gẹ́lẹ́! Tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá lọ tún un ṣe, ó bàjẹ́ nìyẹn. A ó fi okùn yí i ká. A ó máa mú àwọn èèyàn wá láti ìlú òkèèrè kí wọ́n wá wò ó."

Àlàájà tẹjú mọ́ ọn. Ó ti bá oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ ìjọba pàdé láyé rẹ̀. Ó ti rí èyí tó purọ́, ó ti rí èyí tó sùn lé tábìlì, ṣùgbọ́n èyí tó ní kí wọ́n fi okùn yí kòtò ká kí òyìnbó lè wá wò ó, kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó dùn ún jù ni pé ojú ọmọ náà kò jọ ti ẹlẹ́yà.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí ló fà á gan-an tí iṣẹ́ yìí ò fi lọ déédéé?"

"Ẹ jẹ́ kí n fi ère hàn yín ná."

"Èrè!" Àlàájà gbá àyà. "Ó jẹ́wọ́! Mo mọ̀ pé èrè ló wà nídìí ẹ̀!"

"Òun ni wọ́n fi mọ Bàbá jù. Kò sí ẹni tó ṣe ère tó o ní gbogbo Èkó."

"Gbogbo wọn náà ló ń ṣe èrè. Kò kàn sí ẹni tó ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni. Níbo ni wọ́n kó èrè náà sí?"

"Ó wà ní àgbàlá ẹ̀yìn. Ó tóbi débi pé kò gba ẹnu ìlẹ̀kùn, ìta ni a fi í sí."

Àlàájà ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n ti jẹ èrè lórí ọ̀nà àwọn débi pé kò wọ inú ilé mọ́! Ó fi ìyára sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e gìrìgìrì, pákó tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ ń kígbe lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó já sí àgbàlá. Ó dúró. Ọlátúndé ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Èrè dà?"

"Àwọn méjì wọ̀nyẹn, ìyá mi."

"Kìnnìún ni mo rí."

"Ère kìnnìún ni."

Kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì ló jókòó síbẹ̀, wọ́n lanu sílẹ̀ bíi pé àwọn náà ń retí ẹni tó máa bá wọn tún nǹkan ṣe. Àlàájà wo èkíní, ó wo èkejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó fi etí sílẹ̀ gbọ́ ohùn tí ọmọ náà fi ń pe ọ̀rọ̀.

"Ère," ló wí. "Kì í ṣe èrè."

"Èrè kẹ̀? Èrè wo la rí níbí, ìyá mi? Ẹ̀yin ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó máa wọlé yìí."

"Bàbá tí ẹ ń wí yìí, kí ló ń ṣe gan-an?"

"Ọnà."

"Ọ̀nà."

"Ọnà."

"Tún un pè, kí n gbọ́."

"Ọ-nà! Bí ẹ ṣe ń pe ọbẹ̀, tàbí ọkọ̀!" Ọlátúndé rí i pé kò tíì wọlé dáadáa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí, ó wá rú òfin. "Áátíìsì, ìyá mi! Áátíìsì ni Bàbá! Míúsíọ̀mù ni ilé yìí!"

Hàwáwù tó rí pátákó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àlàájà rọra jókòó sí ẹsẹ̀ kìnnìún, ọ̀wọ̀ tó ti ń fún ọmọ náà láti àárọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ta ló kọ pátákó yín?"

"Ọ̀gá mi ló ní kí wọ́n má fi àmì sí i. Wọ́n ní ó máa dà bíi pé eṣinṣin su sí i."

"Ṣọ́bìrì yẹn ńkọ́?"

"Ó fi ń po sìmẹ́ńtì tó fi ń mọ ère ni."

"Papò dà tí o ń wí ńkọ́?"

"Bàbá kú, ìyá mi."

"Inna lillahi! Kí ló dé tí o ò sọ pé ó kú? Mo ti ń bínú sí òkú láti àárọ̀! Mo mú bàtà wá fún òkú!"

"Ẹ má bínú. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ pé Bàbá kú, wọ́n ní kò fi ọ̀wọ̀ hàn."

Àlàájà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Kì í ṣe obìnrin tó ń sunkún níta, ṣùgbọ́n kò tún sí ibi tó kù láti lọ. "Yìgì ọmọ mi ni, Ọlátúndé. Sátidé yìí. Ìyá ọkọ ní òun ò lè wọ́dò. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pọ̀n wọ́n kọjá. Ó ní ṣé ìkókó lòun ni? Mo ti dé gbogbo ibi tó yẹ kí n dé. Ibí ló kù. Mo dé ibí, mo wá èrè, mo bá ère."

Ọlátúndé ò mọ ibi tí yóò wò. Ó wá jókòó ti kìnnìún kejì, òun náà fọwọ́ lérán. "Èmi náà rò pé ẹgbẹ́ àlejò ni yín, ìyá mi. Àwọn ẹbí Bàbá ti ní bí àwọn ò bá rí èèyàn níbí títí ìparí oṣù, àwọn á ta ilé náà fún àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo rí yín báyìí, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́."

Àlàájà fi etí ìborùn nu ojú. Bó ṣe ń nù ún ni ó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òun wà lórí ilẹ̀ láìsí bàtà, ẹsẹ̀ náà sì gbẹ.

"Òjò àná ò dé ibí ni?"

"Ó dé o. Ó rọ̀ títí di ìdájí."

"Omi ẹ̀ wá dà?"

"Bàbá ti gbẹ́ gọ́tà sábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì lé e. Abẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ ni omi ń gbà lọ sí ọ̀sà."

Àlàájà wolẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ gbó, gbó. "Ìyẹn ni pé Bàbá ṣe ọ̀nà."

"Fún omi nìkan, ìyá mi. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣe láyé ẹ̀ nìyẹn."

"Ó ju ti àwọn tó kù lọ." Ó dìde. Ó rin àgbàlá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó na ọwọ́ bí ẹni ń wọn aṣọ. Àwọn àga á gba ibí yìí. Alfa á jókòó síbẹ̀ yẹn. Ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

"Ọnà àbí ọ̀nà, ìyá mi?"

"Dákẹ́, kí o gbọ́. Ibí la ó ti so yìgì."

"Níbí kẹ̀? Ìyá mi, ọ̀gá mi..."

"Ẹgbẹ́ mélòó ni àwọn ẹbí òkú ń wá?"

"Ọ̀kan péré tó bá tóbi, wọ́n á gbà."

"Àwọn àna ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Bọ́ọ̀sì ńlá ni wọ́n fi ń bọ̀. Kí oúnjẹ tó jinná, kó wọn gòkè, fi aláǹgbá àti ọ̀nà ara ògiri hàn wọ́n. Ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn?"

Ọlátúndé ronú, ó rí i pé ẹgbẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn títí ojú rẹ̀ fi kan kìnnìún. "Ṣùgbọ́n ìyá mi, ṣé Alfa yín máa so yìgì níwájú ère?"

"Kò jẹ́ so ó láéláé. Gbé wọn kúrò níbẹ̀."

"Ìdí wọn ti wọ ilẹ̀. Wọn ò ṣe é gbé."

"A ó fi aṣọ bò wọ́n nígbà náà. Ẹni tó bá bèèrè, a ó ní àna tó tètè dé ni, oorun ló ń kùn wọ́n." Ó ti fa fóònù yọ. "Gbà, bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá Zayd, ìyá ọkọ. Awò ojú mi wà nílé. Sọ fún wọn pé a ti gbé yìgì kúrò nínú omi, ilé oníṣẹ́ ọnà ni kí wọ́n máa bọ̀, ní Pópó Àgùdà. Fi àmì sí i dáadáa o!"

Ọlátúndé tẹ fóònù náà síwá sẹ́yìn. "Fóònù yín ò ní àmì, ìyá mi."

"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Zayd gbọ́n, ó máa yé e."

Ọlátúndé fi ránṣẹ́. Àlàájà gba bàtà aláwọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì gbé e fún un. Bàbá ò ní í nílò rẹ̀ mọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó máa gba àna lálejò rí bàtà gidi wọ̀. Àwọn obìnrin ti ń jiyàn lórí ibi tí ìkòkò yóò wà. Hàwáwù ti ń fi ìborùn wọn orí kìnnìún. Àlàájà jókòó, ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò padà, ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Fóònù dún lọ́wọ́ Ọlátúndé.

"Ṣé wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n dáhùn, ìyá mi." Ọlátúndé tún wo fóònù náà.

"Kà á sí mi létí. Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"'ALHAMDULILLAH,'" ni Ọlátúndé kà. "'KI I SE AWA NIKAN. GBOGBO ADUGBO WA LO N BO. ONA TIWA NAA TI BAJE, OMO ODUN KAN TI FERE RI SINU E. E MA JE KI OGA IBE JADE O, A FE RI I LOJU.'" Ó gbé ojú sókè, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Ìyá mi! Bọ́ọ̀sì mélòó nìyẹn? Tí wọ́n bá dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọ̀gá, kí ni mo máa wí fún wọn?"

Àlàájà Àmúdàtù fa bàtà òjò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Ohun tí o wí fún mi náà ni kí o wí fún wọn. Ó ti papò dà."